Kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù jíà, ẹ fa wáyà yọ wò

Tíṣà kan tó ń gbé ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan tí mo fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwo jíà méje ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, wẹ́rẹ́ ni jíà ń wọlé. Ní báyìí, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó bọ́ sí èyí tó fúyẹ́, á ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á fò lójijì. Tí mo bá ní kó padà, á tún pẹ́ kó tó sọ̀. Ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa yí síkúrù kékeré méjì tó wà lẹ́yìn, ńṣe ló burú sí i. Ó wá ní gbogbo jíà ti bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí nǹkan kan wà tí mo lè ṣe fúnra mi nílé?"

Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ débi pé ìbéèrè yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ara rẹ̀ lóhùn. Ẹ ní ó ń pẹ́ kó tó gòkè, ó sì tún ń pẹ́ kó tó sọ̀. Ká ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti ń lọ́ra ni, ǹ bá sọ pé wáyà ló dẹ̀ tàbí pé ó nà jù, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó bá lọ́ra lálọ, tó tún lọ́ra lábọ̀, nǹkan kan ló ń di wáyà mú lọ́nà. Ní ìlú wa yìí, ta ni kò mọ nǹkan náà? Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ni, àti iyanrìn, àti omi òjò. Mi ò tíì fojú kan kẹ̀kẹ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé jíà yín ti kú. Ó dùn mí pé wọ́n ní kí ẹ náwó lé e kí ẹnikẹ́ni tó fa wáyà yẹn yọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n yí síkúrù rẹ̀ lásán mọ́. Irin kan rọ̀ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ṣéènì ń gba ara àgbá kékeré eléyín méjì rẹ̀ kọjá. Apá jíà ni èmi ń pè é. Sípíríǹgì kan wà nínú rẹ̀ tó ń fà á síta nígbà gbogbo, lọ sọ́dọ̀ àwo tó kéré jù. Wáyà ló ń fà á wọnú, lọ sọ́dọ̀ àwo ńlá tó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tí ẹ bá tẹ ọwọ́ jíà, agbára àtàǹpàkò yín ló ń fa wáyà. Nígbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀, sípíríǹgì nìkan ló kù tí yóò fà á padà, sípíríǹgì yẹn kò sì lágbára tó ọwọ́ èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ìpẹtà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú nínú rọ́bà tó bo wáyà, sísọ̀ ló máa kọ́kọ́ pẹ́, kí gígòkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀, tí ẹ kò fiyè sí i.

Láyé àtijọ́, etí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ń sọ fún un ibi tó yẹ kó dá ọwọ́ jíà dúró. Ní 1984 ni Shimano, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, gbé ọwọ́ jíà kẹ̀kẹ́ ìje tó ń ró "kọ́" jáde, tí ọwọ́ jíà fúnra rẹ̀ ń wọn wáyà, tó jẹ́ pé kọ́ kan, àwo kan. Irú rẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ báyìí. Lórí alájíà méje bíi tiyín, 5 mílímítà ló wà láti àárín àwo kan dé àárín èkejì, wáyà tó sì ń gbé apá jíà rìn ní ìwọ̀n yẹn kò ju nǹkan bíi 3 mílímítà lọ. Ẹ wo bó ṣe kéré tó. Tí ìpẹtà bá jí mílímítà kan péré nínú mẹ́ta yẹn, ṣéènì kò ní débi tó ń lọ. Á dúró sí àárín àwo méjì, á máa fi ara ha eyín èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Síkúrù méjì tí wọ́n yí ńkọ́? Ògiri ni wọ́n. Wọ́n sábà máa ń kọ H sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, wọ́n á kọ L sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. H ló ń sọ fún apá jíà pé, "Má kọjá àwo tó kéré jù lọ síta." L ló ń sọ fún un pé, "Má kọjá àwo tó tóbi jù wọnú sípóòkì." Iṣẹ́ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú bí ṣéènì ṣe ń bọ́ láti àwo kejì sí ẹ̀kẹta. Tí wọ́n bá ti gbé wọn síbi tó yẹ, wọn kì í ṣí kúrò fúnra wọn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ nìyí, bóyá torí pé síkúrù méjèèjì ló hàn sójú, tí wọ́n sì rọrùn láti yí. Ọmọkùnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ wá bá mi láti Mowo lọ́jọ́ kan. Ó ti tú L títí, ó rò pé jíà tó fúyẹ́ jù á túbọ̀ máa wọlé. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ bọ́ sí jíà náà, apá jíà ki orí bọ àárín sípóòkì, ó gé mẹ́rin, ó sì ká bí ìwọ ẹja. Títì ló balẹ̀ sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, Tíṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ yẹn lọ sí márosẹ̀ títí ẹ ó fi yẹ L wò. Mo ń bọ̀ wá sórí bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: sìkúrù-dráífà, sípánà tàbí kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà tó bá bóòtù tó di wáyà mú mu, páláyà, àkísà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ kò lò mọ́, kẹrosíìnì díẹ̀, àti epo tín-ín-rín tí àwọn aránṣọ ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ wá bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe máa kúrò nílẹ̀. Àwọn kan máa ń dojú kẹ̀kẹ́ dé, kò burú, ṣùgbọ́n òkè á di ilẹ̀ lójú yín, ẹ lè yí nǹkan sódì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn jù kí ẹ so okùn mọ́ abẹ́ ìjókòó, kí ẹ fi kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tàbí igi àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbọn kò lẹ́ka tí a lè fi kẹ̀kẹ́ kọ́, orí ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní wákàtí kan kò sì dá mi lójú.

Ẹ máa fọwọ́ yí pẹ́dà, kí ẹ fi ọwọ́ jíà gbé ṣéènì lọ sórí àwo tó tóbi jù, ṣùgbọ́n kí ẹ rọra. Tí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ kọjá lọ sínú sípóòkì, ẹ dúró sórí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ wá dáwọ́ pẹ́dà dúró pátápátá. Láìyí pẹ́dà, ẹ dá ọwọ́ jíà padà títí dé ìparí, bí ẹni pé ẹ fẹ́ kó sọ̀ sórí èyí tó kéré jù. Ṣéènì kò ní lè rìn torí pé pẹ́dà kò yí, ṣùgbọ́n wáyà á dẹ̀ wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀. Nígbà yẹn, rọ́bà tó bo wáyà á ṣeé fà yọ kúrò nínú àwọn ihò tó há sí lára férémù, láìtú bóòtù kankan. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ ló fi èyí hàn mí, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà tí mi ò lè kà tán. Ẹ wá di rọ́bà náà mú, kí ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn lórí wáyà. Ó yẹ kó máa yọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí òwú. Tó bá ń ṣe họ̀rọ̀họ̀rọ̀, tàbí tí ẹ rí àwọ̀ ìpẹtà lára wáyà, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Èyí tó kúrú jù, tó ṣe kọdọrọ wọ apá jíà lẹ́yìn, ni kí ẹ fura sí jù, torí ẹnu rẹ̀ wà nílẹ̀, ibẹ̀ ni omi àti iyanrìn ń gbà wọlé.

Tí ìpẹtà náà bá kéré, ẹ fi àkísà tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ nu wáyà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹ̀kán méjì, kí ẹ fa rọ́bà kọjá lórí rẹ̀ títí á fi yọ̀. Tí irun wáyà kan bá ti já, tàbí tí rọ́bà ti là, ẹ má wulẹ̀ nù ún, ẹ ra tuntun. Tí ẹ bá ń rà á, ẹ sọ fún olùtajà pé ti jíà ni, kì í ṣe ti bíréèkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni kì í ka èyí sí. Tí ẹ bá gé rọ́bà bíréèkì, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kan tó lọ́ yípo nínú rẹ̀ bíi sípíríǹgì. Tí ẹ bá gé ti jíà, ẹ ó rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti bíréèkì máa ń súnkì díẹ̀ nígbà tí wáyà bá nà, ìyẹn kò ṣe bíréèkì ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń jẹ lára mílímítà mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjì, tó jẹ́ pé rọ́bà bíréèkì tí ẹnì kan fi síbẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà. Ẹ má sì fi ti jíà sí bíréèkì o: agbára tí a fi ń tẹ bíréèkì lè ya á, èyí sì léwu.

Ó wá ku síkúrù tí wọ́n ti yí. Ẹ tú bóòtù tó di wáyà mú, kí wáyà má fa nǹkan kan. Ẹ yí pẹ́dà títí ṣéènì á fi sọ̀ sórí àwo tó kéré jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ẹ wò ó: eyín àgbá òkè apá jíà àti eyín àwo tó kéré jù gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. H ni ẹ ó fi gbé e síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fọwọ́ kan yí pẹ́dà, ẹ fi ọwọ́ kejì rọra ti apá jíà wọnú títí ṣéènì á fi gun àwo tó tóbi jù. Ẹ yí L débi pé á lè gun àwo náà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún tì í, kò ní lè kọjá rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń fún síkúrù mọ́lẹ̀ ni àyè tí apá jíà ní ń dín kù: fífún H á mú un kúrò níta, fífún L á mú un jìnnà sí sípóòkì. Lẹ́yìn èyí, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Ẹ dá ṣéènì padà sórí àwo tó kéré jù, ẹ rí i pé ọwọ́ jíà náà wà ní ìparí tirẹ̀, ẹ fi páláyà na wáyà kó má dẹ̀, kí ẹ di bóòtù rẹ̀. Kókó ṣíṣù kan wà níbi tí rọ́bà ti wọ apá jíà, tàbí nídìí ọwọ́ jíà, tí a ń fi ìka yí. Òun ló ń tún jíà ṣe gan-an. Ẹ yí pẹ́dà, ẹ tẹ jíà lẹ́ẹ̀kan. Tí ṣéènì bá kọ̀ láti gun àwo kejì, wáyà dẹ̀ nìyẹn, ẹ yí kókó náà bí ẹni ń tú u jáde, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń rú èèyàn lójú pé títú ló ń mú wáyà nà. Bí kókó ṣe ń jáde ló ń ti rọ́bà sẹ́yìn, ọ̀nà wáyà á gùn sí i, wáyà á sì nà. Tó bá fò dé ẹ̀kẹta, tàbí tó ń ha á lára, ẹ yí i wọlé. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀ dé òkè, ẹ bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ lo etí: jíà tó bá jókòó dáadáa kì í sọ̀rọ̀. Tí wáyà bá jẹ́ tuntun, ẹ ó tún kókó yẹn yí díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹnu rọ́bà á ti jókòó. Kì í ṣe pé iṣẹ́ yín kò dára.

Ká wá ní ẹ ti ṣe gbogbo èyí, tó dára lórí àwo mẹ́ta ìsàlẹ̀, tó ń hùwà burúkú lórí àwọn ti òkè. Ohun méjì ló wà lọ́kàn mi. Èkíní ni etí irin tí apá jíà so rọ̀ sí lára férémù. Wọ́n máa ń to àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ léra wọn nínú ọkọ̀ bí igi ìdáná, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá sì fi ẹ̀gbẹ́ jíà lélẹ̀, etí yẹn á tẹ̀ wọnú. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo fi odindi ọ̀sán kan yí kókó wáyà lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi kàn dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìka hàn mí: apá jíà ń wo sípóòkì bí ẹni tó tẹ orí. Kò sí kókó tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó láti ẹ̀yìn, kó dúró gbọọrọ ní ìbádọ́gba pẹ̀lú àwọn àwo. Ṣùgbọ́n ti yín ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ rà á, nítorí náà bí kì í bá ṣe pé kẹ̀kẹ́ náà ti ṣubú sápá ọ̀tún lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò fura sí i tó bẹ́ẹ̀. Tó bá tẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà nílé, pàápàá tó bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, kíá ló ń kán. Irin iṣẹ́ kan wà tí a fi ń tọ́ ọ, ẹ wá ẹni tó ní in.

Èkejì ni ṣéènì. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Lórí ṣéènì tuntun, láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì kẹrìnlélógún tó tẹ̀lé e jẹ́ ínǹṣì 12 géérégé. Tó bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì, ẹ máa múra àtipààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, á ti jẹ eyín àwo pẹ̀lú, ṣéènì tuntun á sì máa fò lórí àwo àtijọ́. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kí ẹ ra òmíràn ti lè já sí òótọ́, síbẹ̀ ṣéènì àti àwo lẹ ó rà, kì í ṣe apá jíà àti ọwọ́ jíà. Tí ẹ bá sì rà á, kó jẹ́ alájíà méje. Alájíà mẹ́jọ jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n àwọn àwo tirẹ̀ sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní bá ọwọ́ jíà yín mu láéláé.

Ní ti epo, mo mọ̀ pé àdí àgbọn wà nínú ilé gbogbo níbí, mo sì ti rí i lára ṣéènì púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi se oúnjẹ, ẹ fi pa ara. Ó máa ń dì tí òtútù ọyẹ́ bá mú, iyanrìn á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tí wọ́n ti lò nínú mọ́tò náà kò dára, ìdọ̀tí irin ti wà nínú rẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo èyí tó wà lára rẹ̀ níta. Inú oríkèé ni epo ti wúlò, èyí tó bá kù síta, iyanrìn ló ń pè. Epo yìí tín-ín-rín, òjò á máa fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí náà tí òjò bá ti pa kẹ̀kẹ́, ẹ tún un kán.

Nígbà tí ẹ bá ń gùn ún, ẹ pààrọ̀ jíà kí ẹ tó dé ibi tó le. Ẹ máa yí pẹ́dà lọ, ṣùgbọ́n ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ jíà, ẹ sì máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wáyà àti rọ́bà tuntun ká ní èmi ni mo ni kẹ̀kẹ́ yìí, torí nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ, òun ni owó rẹ̀ kéré jù, kò sì sí èyí tí iyọ̀ òkun ń yára bà jẹ́ tó o. Tí wáyà àtijọ́ bá kọ̀ láti jáde nínú rọ́bà, ẹ má fi agbára fà á, orí rẹ̀ lè já sínú ọwọ́ jíà, yíyọ rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹ gé rọ́bà náà ní àárín, kí ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá ṣì jáde, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà lódindi wá sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má tú ọwọ́ jíà palẹ̀ nílé, torí sípíríǹgì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá fò sínú iyanrìn Àjàrá, a ò ní rí i mọ́.